Kí A Tó Yọ Díìṣì Àtijọ́ Lórí Òrùlé

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ẹ tẹ̀dó sí Òkè Ọya, ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Sáríà, àti ní gbogbo ìlú tí ọ̀nà rélùwéè gbé àwọn bàbá yín dé, àwa ará yín tí a wà ní Mile One, Diobu, ní Port Harcourt, kí yín o. Ìwé ẹ̀ka yín yìí máa ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà ìhín àti ọ̀hún, a sì máa ń kà á dé ìlà ìkẹyìn. Ẹ ní kí àwa náà wá sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. A dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ti oyè, kì í sì í ṣe ti owó ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá dé Diobu rí, kí ó ro Sabon Gari ti Kánò lọ́kàn, kí ó sì fi òjò kún un. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni, Rumuwoji sì ni orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe Mile One, ṣùgbọ́n Ìgbò, Ìjọ, Ògóni, Ìbìbíò àti Yorùbá ni ó kún inú yàrá. Yàrá kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, a jọ ń pọn omi níbì kan náà, a jọ ń lo balùwẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní etí Ikwerre Road, tí ó kọjú sí ọjà Mile One, díìṣì ni yóò rí lórí páànù bí olú tí ó hù lẹ́yìn òjò. Kí ó wò wọ́n dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó ni wọ́n ti bá ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ, ó ti ra tuntun, ó sì fi ti àná sílẹ̀ kí ó dípẹtà. A ti rí ilé kan tí díìṣì mẹ́rin wà lórí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń mú àwòrán wá.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kò fara sin: owó ni. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ètò tí DStv ń pè ní Compact jẹ́ 12,500 náírà lóṣù títí di òpin oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ó di 15,700. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025 ó di 19,000. Èyí tí ó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Premium, gbéra láti 29,500 lọ sí 37,000, ó sì di 44,500 láàárín àkókò kan náà. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà ní Abuja dá sí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù kẹfà ọdún 2024: ó bu ìtanràn 150 mílíọ̀nù náírà lé MultiChoice tí ó ni DStv, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ròyìn pé àwọn oníbàárà tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni òun pàdánù ní Nàìjíríà láàárín 2023 sí 2025. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba àkóso rẹ̀. Àwọn tí ó sá lọ kò ṣe ọ̀tẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àpò ni ó gbẹ.

Nítorí náà, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó pààrọ̀. Bí ọjà kan bá wọ́n, a ó ná ọjà kejì. Iṣẹ́ tí ó gbé wa kúrò nílé ni. Ohun tí ó ń dùn wá ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Baálé ilé ni ó ń dá ìpinnu náà dá, bọ́ọ̀lù sì ni ó ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó gbọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan ń fi bọ́ọ̀lù hàn lówó pọ́ọ́kú, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oníṣẹ́ ti wà lórí òrùlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá, lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ó wà nílé, tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ni baálé ń wo tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn yòókù ni wọ́n ń bá a gbé láti Mọ́ńdè.

Ẹ gbọ́ ti ilé kan nínú àwọn ará wa níbí. Baálé ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ìyàwó rẹ̀ ń ta àǹkárá nínú ọjà Mile One, ìyá baálé sì ti Ìkìrun wá láti bá wọn tọ́jú ọmọ mẹ́ta. Màmá yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọ́ píjìnì. Eré Yorùbá orí tẹlifíṣọ̀n ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi ti ilé-ìwé dé, òun náà sì ni ilé-ìwé kejì tí àwọn ọmọ ń lọ láìmọ̀. Bí òṣèré bá pa òwe, èyí tí ó dàgbà jù á béèrè pé, "Màmá, kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Màmá á sì tú u fún un. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, baálé gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ta dikódà pẹ̀lú oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì rà á. Oníṣẹ́ dé ní Sátidé. Ó gé wáyà àtijọ́, ó tú díìṣì àtijọ́ sílẹ̀, ó gbé tuntun lé e, ó gba owó díìṣì, owó wáyà, owó irin ìdúró àti owó iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwòrán mọ́ kedere. Ilẹ̀ Mọ́ńdè ni ó mọ́ kí wọ́n tó rí i pé kò sí ìkànnì Yorùbá kankan nínú ètò tí wọ́n sanwó fún. Inú èyí tí ó wọ́n jù ú lọ ni ó wà.

Màmá kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń jókòó sí. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí a yà sí ilé wọn, tí màmá sọ fún àbíkẹ́yìn pé kí ó bá òun gbé àpótí ìjókòó wá. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Wetin Mama talk?"

A mọ̀ pé kì í ṣe dikódà nìkan ni ó gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìta gbogbo ni píjìnì, ilé-ìwé ni Gẹ̀ẹ́sì, òbí sì ń ti ọjà dé lálẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó wà ní àyíká ọmọ náà, ohun kan ṣoṣo ni ó ń bá màmá ṣe iṣẹ́ náà, òun sì ni wọ́n tú kúrò lórí òrùlé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òkè Ọya mọ ohun tí a ń sọ jù wá lọ. Níbi tí àwa ti ń bá píjìnì àti Ìgbò jìjàkadì, Haúsá ni ti yín. Èdè tí ó dùn ni, ó gbòòrò, ó sì tètè ń mú ọmọdé. Kò burú kí ọmọ wa gbọ́ ọ. Ẹni tí yóò jẹun ní Kánò gbọ́dọ̀ gbọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbọ́ Haúsá tán, tí a mú un relé fún ọdún, tí kò lè kí ìyá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo agbo ilé ni ó ń wo ojú bàbá rẹ̀, kì í ṣe ojú ọmọ.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni ó kọ́ àwa ní Yorùbá?" Rárá. Àdúgbò ni ó kọ́ wa, àdúgbò yẹn kò sì sí ní Mile One. Àwọn mìíràn yóò ní fíìmù Yorùbá kún orí fóònù, kí ọmọ lọ máa wò ó níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó kún ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń wò ó. Ṣùgbọ́n owó dátà kì í ṣe kékeré, fóònù sì jẹ́ ti ẹnì kan. Ọmọ tí ó fi ohun-ìgbọ́rọ̀ bọ etí nínú kọ̀rọ̀, ta ni yóò bi léèrè ìtumọ̀ òwe? Tẹlifíṣọ̀n wà láàárín ilé, gbogbo ilé ni ó ń jókòó tì í, ìbéèrè tí ó ń jáde nígbà tí a ń wò ó ni ẹ̀kọ́ gan-an. Eré náà fúnra rẹ̀, ká má purọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ariwo orogún lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń rà. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé àpótí Rediffusion, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935 kí ó tó dé àwọn ìlú mìíràn. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé, a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ohun tí wọ́n bá sì fi sí i náà ni a ó gbọ́. A kò lè dá a lóhùn, a kò sì lè yí i sí ibòmíràn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Nígbà tí rédíò oníbátìrì dé, ìtura ni: ẹni tí ó ra rédíò kan lè gbọ́ Ìbàdàn, kí ó yí i sí Kàdúná, kí ó tún gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Dikódà òde òní kì í ṣe ọmọ rédíò. Ọmọ Rediffusion ni. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ó tà á nìkan lè ṣí. O sanwó rẹ̀, inú ilé rẹ ni ó wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, páálí lásán ni.

Ẹni tí ó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kí ó rántí HiTV. Ọmọ Nàìjíríà ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2007 ó gba ẹ̀tọ́ láti máa fi bọ́ọ̀lù Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ní Nàìjíríà, inú gbogbo ènìyàn sì dùn pé ọmọ ilé ti já a gbà. Àwọn tí ó ní dikódà DStv tẹ́lẹ̀ lọ ra ti HiTV, àwọn mìíràn tò ó lé ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹní to bíríkì. Nígbà tí ó di 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó padà sí ọ̀dọ̀ DStv. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí HiTV fi kógbá sílé. Kò sí ẹni tí ó dá owó dikódà padà fún ẹnikẹ́ni ní Diobu tí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ àpótí náà ni àwọn ọmọ fi ṣe mọ́tò ìṣeré.

Ṣùgbọ́n díìṣì yàtọ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn oníṣẹ́ kan ti ń jẹ owó wa. Díìṣì kò ní ọ̀gá. Irin lásán ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó kó ìgbì tí ń bọ̀ láti òkè jọ sí ojú kan. Sátẹ́láìtì tí ó ń fi ìgbì náà ránṣẹ́ wà lókè agbedeméjì ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36,000 kìlómítà sí wa, ó sì ń bá ayé yí pọ̀, ìdí nìyí tí ó fi dàbí ẹni pé ó dúró sí ojú kan lójú wa, tí a kì í fi í yí díìṣì kiri bí oòrùn ṣe ń rìn. Èyí tí DStv ń lò fún wa wà ní ìwọ̀n 36 sí ìlà-oòrùn. Nítorí náà ni díìṣì wọn ní Mile One fi kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó yẹ̀ sí gúúsù díẹ̀ kínún, tí ó sì gbé orí sókè ju ìdajì lọ. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá ń lo sátẹ́láìtì mìíràn, a ó yí díìṣì náà sí ibi tí ti wọn wà, ó parí. Bí kò bá tẹ̀, tí ìpẹtà kò sì tíì jẹ ẹ́, tí kò kéré sí ìwọ̀n tí wọ́n béèrè, kò sí ìdí tí a fi ní láti ra òmíràn. Wáyà náà bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó máa ń bàjẹ́, a sì lè gé e kí a fi ẹnu tuntun sí i. Ohun tí ó di dandan kí ó jẹ́ tuntun ni dikódà, àti nígbà mìíràn ohun kékeré tí ó wà níwájú díìṣì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LNB. Oníṣẹ́ tí ó bá ní gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ ó rà, kí ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo ti àtijọ́ lójú yín.

Bí ó bá gbé e tán, kí ẹ má ṣe sanwó nítorí pé ẹ rí àwòrán. Ní Port Harcourt, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún kan ju 2,000 mìlímítà lọ, ẹ̀kán òjò sì máa ń gbé ìgbì sátẹ́láìtì mì kí ó tó dé ilẹ̀. Díìṣì tí kò kọjú dáadáa a máa mú àwòrán wá ní ọ̀sán gangan; bí òjò bá ṣú ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúdú, a ó sì máa bú ilé-iṣẹ́ tí kò ṣẹ̀ wá. Ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣí ojú ewé tí ó ń fi agbára ìgbì hàn lórí dikódà. Ìlà méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan ń sọ bí ìgbì ṣe lágbára tó, ìkejì ń sọ bí ó ṣe mọ́ tó. Èyí tí ó ń sọ bí ó ṣe mọ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń hàn. Ní ọ̀dọ̀ yín, òjò kò pọ̀ tó tiwa, ṣùgbọ́n ìjì tí ó máa ń ṣáájú òjò a máa yí díìṣì tí bóòtù rẹ̀ kò le, àti pé igi dóńgóyárò tí ó kéré lọ́dún tí wọ́n gbé e, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó ti di ògiri níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí ń ṣí kiri, èyí tí ó jẹ́ pé gbogbo wa ni. Dikódà onídíìṣì tí ẹ rà ní Mile One yóò ṣiṣẹ́ ní Kánò àti ní abúlé tí ó wà lẹ́yìn Gusau, kìkì pé díìṣì níbẹ̀ yóò yẹ̀ sí gúúsù ju ti Diobu lọ. Ṣùgbọ́n GOtv, àti irú StarTimes tí ń lo ẹ̀rìyà, kì í ti ojú ọ̀run gba ìgbì. Òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ìlú ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Níbi tí òpó kò bá sí nítòsí, a lè na ẹ̀rìyà náà títí yóò fi kan àwọsánmà, kò ní rí nǹkan kan. A mọ àwọn ará wa tí wọ́n di ẹrù wọn láti ìhín lọ sí ìlú kéékèèké ní Òkè Ọya, tí wọ́n sì gbé àpótí ẹlẹ́rìyà lọ pẹ̀lú ìrètí ńlá.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ní Ìbàdàn, ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀, kí Enugu tó ní tirẹ̀ ní 1960 àti kí Kàdúná tó ní tirẹ̀ ní 1962. A máa ń fi èyí yangàn ní gbogbo ìpàdé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Yorùbá wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá ti ní àpótí tẹlifíṣọ̀n ni ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n lónìí, fún àwa tí a wà ní àjò, àwọn ìkànnì Yorùbá tí ilé wa gbójú lé jù, bí Africa Magic Yoruba tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tàbí Orisun tí StarTimes ń gbé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn owó oṣù ni wọ́n wà. Ẹ wo àwọn Haúsá. Ní 2014 ni wọ́n dá Arewa24 sílẹ̀ ní Kánò, wọ́n sì fi í sí ojú sátẹ́láìtì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní díìṣì. Ọmọ Haúsá tí bàbá rẹ̀ kò rí owó oṣù san, yóò ṣì gbọ́ èdè rẹ̀. Ọmọ tiwa tí ń gbé Sabon Gari yóò gbọ́ Haúsá pẹ̀lú rẹ̀. Ìlara kọ́. Àwọn olówó wa tí ń na owó sórí ọdún ìlú àti òkú ṣíṣe ni a ń bi léèrè.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ó yẹ kí Nàìjíríà ti kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sí ti díjítà. Ọjọ́ náà kọjá lọ. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016, pẹ̀lú àpótí FreeTV tí ó ń mú ọ̀pọ̀ ìkànnì wá láìsí owó oṣù. Kàdúná àti Ìlọrin tẹ̀lé e ní ìparí ọdún 2017. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì ni ẹ ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún wa bí ó ti rí. Láti ìgbà náà, ìlú díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dé. Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ NBC, àjọ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kò le. Ní Yúróòpù, òfin ọdún 2002 ní kí tẹlifíṣọ̀n díjítà tí ojú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ ní ihò kan tí ó ṣí sílẹ̀, tí a lè fi ohun èlò àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó oṣù sí. Kí wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún dikódà wa: kí àpótí jẹ́ ti ẹni tí ó rà á, kí ó lè gba káàdì ẹni tí ó bá wù ú. Bí òfin yẹn bá wà ní 2010, àwọn ọmọ Diobu ì bá wá ohun mìíràn fi ṣe mọ́tò ìṣeré.

Kí òfin tó dé, ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ẹ̀ka wa níbí, a ti gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ yóò kọ́kọ́ mú ìwé ètò ilé-iṣẹ́ tuntun náà wá sí ìpàdé, kí àwọn tí ó ti lò ó tẹ́lẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ìkànnì Yorùbá lórí rẹ̀, bí ó bá wà, àti iye tí ètò tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ lóṣù. Àwọn kan bínú pé à ń fi ojú sí nǹkan ilé onílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú díẹ̀. A sì ti ní kí ẹni tí dikódà rẹ̀ ti di aláìlò fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lórí rẹ̀, kí a lè fún àwọn tuntun tí wọ́n ń ti ilé bọ̀ láìní nǹkan kan. Mẹ́ta ni ó ti wà ní ọwọ́ akọ̀wé; ọ̀kan nínú wọn kò ní rìmóòtù.

Oṣù kẹjọ ni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ yóò sì ti gbé àkàbà kí oṣù náà tó wọlé. A bẹ̀ yín, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní Òkè Ọya fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé kí ìgbà náà tó dé. Ẹ bi àwọn ìyá àti àwọn àgbàlagbà léèrè ìkànnì tí wọ́n ń wò. Ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́ tí ó bá yín ṣe òdodo, kí ẹni tí ó bá ṣí wá sí ìlú yín lè rí i. Kí ẹ sì fi iye tí ẹ san fún dikódà, fún díìṣì, fún wáyà àti fún iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí, kí a lè gbé ti Kánò, ti Jọ́ọ̀sì àti ti Diobu sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé tí yóò tẹ̀lé èyí.